Òkú Bàbá, Òkú Ẹran: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ọgbà Tí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Sáàárín Ènìyàn àti Ẹranko

Ìpàdé oṣooṣù àwa Yorùbá tí a wà ní Kubwa, l'Ábùjá, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n dé ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi kiri.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn tí ẹ ń tẹ fóònù, mo rí yín o.

Àbúrò kan wà tí a jọ ń gbé àdúgbò. Bàbá rẹ̀ kú sí ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, wọ́n sì ní láti tètè gbé bàbá lọ sílé, ní Ọ̀fà. Àbúrò mi yìí kì í ṣe púrúǹtù, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ó ní kí fóònù bá òun túmọ̀ "òkú". Fóònù da ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan sílẹ̀, ó sì mú èyí tó dún bí ọ̀rọ̀ ìwé jù létí rẹ̀. Ó tọ akọ̀wé ilé òkú lọ, ó ní òun wá gba "carcass" bàbá òun. Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ó tún pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́ nǹkan. Nígbà tí mo débẹ̀, àbúrò mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ òfì tó fẹ́ fi bo bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tíì kí mi tó fi bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo wí?"

Ohun tó wí ni pé kí wọ́n gbé bàbá òun fún òun bí ìgbà tí alápatà bá ń béèrè màlúù tó fi sílẹ̀ lánàá. Òkú ẹran ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "carcass". Ti ènìyàn ni "corpse", àwọn ilé ìwòsàn a sì máa rọra sọ pé "body" tàbí "remains". Ní tiwa, òkú ni òkú. Òkú bàbá, òkú ajá, òkú eku tí a bá lẹ́yìn firíìjì, ọ̀rọ̀ kan ló ru gbogbo wọn. Àbúrò mi kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ lédè tirẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló rìn wọ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe ọgbà síbẹ̀.

Ọgbà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ láti sọ ọ́, torí ẹ̀yìn àwọn oníṣègùn ẹran ni mo ti jẹun, ní Plateau, lẹ́yìn náà ní Kàdúná, títí mo fi fẹ̀yìn tì wá síbí. Gẹ̀ẹ́sì ẹran ni mo kọ́ kí n tó kọ́ ti ènìyàn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, mo sáré wọ ọ́fíìsì, mo sọ fún ọ̀gá mi pé "She has dropped". Ọ̀gá mi gbé ìwé wọn, wọ́n mú bírò, wọ́n ní màlúù wo ni.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Bí màlúù bá bí, "calve" ni. Ẹṣin ń "foal", àgùntàn ń "lamb", ewúrẹ́ ń "kid", ẹlẹ́dẹ̀ ń "farrow", ajá ń "whelp". Kò sí èyí tí ẹ lè fi ròyìn ìyàwó oníyàwó kí ẹ sì délé ní àlàáfíà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí onírúurú ẹran kún ọgbà rẹ̀ kò fẹ́ máa ṣàlàyé gùn. Ó fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa gbọ́ láti òdìkejì pápá, tó sì máa mọ irú ẹran tó bí.

Àwọn ọmọ tí ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀ bá bí lẹ́ẹ̀kan náà ń jẹ́ "litter". Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí, láti ara ọ̀rọ̀ tí àwọn yẹn ń pe ibùsùn. Ibùsùn ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó wá di koríko gbígbẹ tí wọ́n ń tẹ́ fún ẹran, ó di ọmọ tí ẹran bí sórí koríko náà, koríko tó sì fọ́n káàkiri sọ ọ́ di ìdọ̀tí. "Litter" tí wọ́n kọ sára pátákó lójú títì níbí pé ká má dà sílẹ̀, òun náà ni. Obìnrin lè bí ìbẹta, kò bí "litter". Ajá tó bí mẹ́ta péré bí "litter". Ẹ rí i pé kì í ṣe iye ọmọ ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "my kids" níbí, ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́ mi. Ọmọ ewúrẹ́ ni "kid". Ọ̀rọ̀ náà fo ọgbà, ó bọ́ sọ́dọ̀ ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó lé e padà mọ́. Nígbà tí àwọn tíṣà wa àtijọ́ bá gbọ́ ọ, wọ́n á bi ọ́ pé ewúrẹ́ mélòó lo bí. Ọmọ ọmọ mi ló tún rán mi létí. Wọ́n kà fún wọn ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti àtijọ́, pé kí wọ́n má ṣe fi wàrà ìyá "kid" sè é. Ọmọ náà délé, kò jẹun. Ó ní: "Bàbá, ta ló fẹ́ se ọmọ kéékèèké?" Mo gbé Bíbélì Yorùbá fún un, ó rí "ọmọ ewúrẹ́" níbẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, ló kọ́ mi pé ọgbà yìí kì í dúró lójú kan. Ẹ ṣí ìwé Númérì, orí kẹrìnlá. Ọlọ́run ń bínú sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ó ní "carcases" wọn yóò ṣubú nínú aginjù. Ènìyàn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o! Bí àbúrò mi bá lọ sí ilé òkú láyé ọjọ́un, bóyá akọ̀wé kò ní fi í rẹ́rìn-ín. Bí àkókò ti ń lọ ni wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn títí ó fi kù sọ́dọ̀ ẹran àti alápatà nìkan.

Èyí tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "sire". Ọba ni wọ́n ń fi pè tẹ́lẹ̀. Ìránṣẹ́ á dọ̀bálẹ̀, á ní "Sire", bí àwa ṣe ń ní "Kábíyèsí". Lónìí, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin, ní Kàdúná tàbí Kánò, tí ẹ rí ìwé ìran ẹṣin, "sire" ni bàbá ẹṣin, "dam" sì ni ìyá rẹ̀. "Dam" yẹn náà, orísun kan náà ni òun àti "dame" ti wá, ìyálóde ilé ńlá. Ọba àti ìyálóde tí wọ́n bọ́ sí ilé ẹṣin! Bẹ́ẹ̀ ohun tí bàbá ń ṣe nínú ilé ọlá àti ohun tí akọ ẹṣin ń ṣe láti bímọ, iṣẹ́ kan náà ni.

Mo rí i lẹ́nu iṣẹ́ pé ẹ̀dá kò mọ ọgbà yìí rárá. Kòkòrò kan wà tí kò tó nǹkan, ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, Sarcoptes scabiei ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ ara, ara á máa yún ènìyàn tàbí ẹran títí tí kò fi ní sùn. Bó bá wà lára ọmọ, "scabies" ni dókítà máa kọ. Bó bá wà lára ajá, "mange" ni èmi máa kọ. Ìdílé kan náà ni kòkòrò náà, àfi pé ti ajá kì í lè fi ara ènìyàn ṣe ilé pẹ́ títí. Kúrúnà ni àwa ń pe méjèèjì. Mo ti rí ìyá kan tó gbé ọmọ àti ajá wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan náà. Ó ní kúrúnà kan ló mú wọn. Mo ní kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tó wí, ìyá yẹn sún mọ́ òtítọ́ ju ìwé tí mo ń kọ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àjàkálẹ̀ àrùn. Èyí tó bá ń jà láàárín ènìyàn ni "epidemic". Àwọn ará ìlú ni èdè Gíríìkì ń pè ní "demos", òun ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ń jà láàárín ẹran ni "epizootic", láti ara "zoon", ẹ̀dá abẹ̀mí. Ẹ máa fi etí mú un dáadáa: ẹran kì í ṣe ará ìlú. Àwọn Fúlàní tí mo bá ṣiṣẹ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ màlúù wọn lórúkọ, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń dáhùn. Àrùn kan tó ń jẹ́ rinderpest (ọ̀rọ̀ Jámánì ni, àjàkálẹ̀ màlúù ló túmọ̀ sí) ti pa agbo wọn run léraléra. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, àrùn yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ní 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti tán nílé ayé pátápátá. Méjì péré ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ tí ọmọ aráyé ti pa rẹ́. Èkínní ni ṣọ̀pọ̀nná, tí wọ́n kéde òpin rẹ̀ ní 1980. Ẹ forí jì mí, Ilẹ̀ẹ́gbóná ni kí n wí. Ọ̀kan jẹ́ ti ará ìlú, ọ̀kan jẹ́ ti ẹran. Ẹ bi ara yín èwo nínú méjèèjì lẹ ti gbọ́ rí kí n tó dé ibí.

Ní Febúárì 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó kéde àrùn adìẹ H5N1. Jaji ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, kò jìnnà sí Kàdúná, èmi sì wà ní Kàdúná nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí egúngún. Ìyá kan wà, ọmọ Òkè-Ògùn, ẹyin ló ń tà. Òṣìṣẹ́ kan wá bá a, ó ní adìẹ rẹ̀ máa di ohun tí wọ́n "depopulate". Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fi kún un fún òun ni. Mo ní, "Màmá, wọ́n fẹ́ pa wọ́n ni." Ó ní, "Èwo nínú wọn?" Mo ní, "Gbogbo wọn." Ó jókòó sórí garawa tó fi ń fún wọn lómi, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò dá òṣìṣẹ́ yẹn lẹ́bi pé wọ́n pa adìẹ. Àrùn yẹn lè pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń bá jà. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fún ẹran: "cull", "put down", àní "destroy" pàápàá, bí ẹni pé ajá jẹ́ àga tó ti dá lẹ́sẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó pa nǹkan mọ́. Ẹ sì wá wo òdìkejì. Bí wọ́n bá wọ abúlé kan níhà àríwá yìí lóru, tí wọ́n pa tọmọdé tàgbà, ìwé ìròyìn tí inú ń bí kì í kọ "killed" lásán. Wọ́n á kọ "slaughtered", wọ́n á kọ "butchered". Ọ̀rọ̀ alápatà ni wọ́n lọ yá wá. Àwa náà á ní wọ́n dúńbú wọn bí ẹran. Nígbà tí ìkà bá ti fo ọgbà, ọ̀rọ̀ tó ń ròyìn ìkà náà kò lè dúró sínú ọgbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi níbí lóṣù tó kọjá pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. Ó ní "ọmọ" la fi ń pe ọmọ ènìyàn, ọmọ ajá, ọmọ ológbò. Ọmú la fi ń pe ti ìyá àti ti màlúù, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní "breast" àti "udder". Mo ní kó jókòó, kí n bi í léèrè. Kí ni ìwọ ń ṣe bó o bá délé láàárọ̀? Ó ní òun ń jẹun. Kí ni màlúù ń ṣe nínú pápá? Ó ní ó ń jẹ̀. Mo ní, tún un wí. Ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ni ọgbà tiwa níbẹ̀ yẹn. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn náà: ènìyàn ń "essen", ẹran ń "fressen", ẹni tó bá sì lo ti ẹran fún àlejò rẹ̀ ti bú u. Ní tiwa, bí wọ́n bá ní ọmọ lágbájá ń jẹ̀ kiri, ìyá ọmọ náà á bínú, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì tíì pè é ní ẹran.

A ń tọ́ ọmọ, a ń sin ẹran. Ẹni tó bá ní òun ń sin ọmọ àbúrò òun, àwọn àgbà á bi í pé ṣé ó fẹ́ tà á ni. Orí ajá la ti mọ dìgbòlugi. Ènìyàn tí orí rẹ̀ dàrú, wèrè la ń pè é, a sì ń gbé e lọ fún ìwòsàn. Bó bá di dìgbòlugi, igi la máa mú. Òbúkọ ni a ń tẹ̀ lọ́dàá. Ènìyàn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún láàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ ń jẹ́ ìwẹ̀fà, Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, Ọ̀tún àti Òsì Ìwẹ̀fà sì jẹ́ ìjòyè tí baálẹ̀ ń wárí fún. Ọ̀bẹ kan náà, orúkọ kan di ti ọjà ẹran, èkejì di oyè. Ọkùnrin àti obìnrin ni ènìyàn, akọ àti abo ni ẹran àti igi. Pe obìnrin ní abo lójú ara rẹ̀, kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pé jọ báyìí, a ó ní "takọ-tabo", ẹnikẹ́ni kò sì bínú. Mi ò rí àlàyé kan fún ìyẹn ju pé àpapọ̀ wa kò ní ìtìjú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní.

Nígbà mìíràn, àwa gan-an ni à ń wá ẹran lọ kí a tó lè sọ̀rọ̀ ènìyàn. Bí àgbà ńlá bá kú, a ó ní erin wó. Ẹran rẹpẹtẹ ló wà nínú oríkì àwọn ọba wa. Òótọ́ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọba tí wọ́n pè ní kìnnìún, ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn ọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n ń sọ sí ènìyàn lójoojúmọ́ jọ, ẹ ó rí i pé èébú ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn tí a bá gbé níbí náà ní ọgbà tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa, ẹ mọ̀ pé "gawa" ni òkú ènìyàn, "mushe" sì ni ẹran tó kú fúnra rẹ̀ tí wọn ò dúńbú, èyí tí àwọn mùsùlùmí wa ń pè ní òkúǹbete. Àbúrò mi ì bá mọ̀yí, Hausa ni ì bá fi bá akọ̀wé yẹn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan. Kíkó ẹran jẹ̀, títọ́jú wọn, "kiwo" ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ darandaran ni. Ẹ wá lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìlera, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Hausa: "kiwon lafiya". Dídaran ìlera, bí ẹ bá fẹ́ kí n tú u bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìtọ́jú jù, ojú kò sì tì wọ́n.

Ìyá mi náà kò mọ ọgbà yẹn ní Ọ̀fà. Bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá bí, á ru èèrí ògì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á dúró tì í, á ní, "Àjíkẹ́, o kú ewu o." Àjíkẹ́ ni orúkọ ewúrẹ́ náà. Oríkì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ni, ìjà sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ nílé wa.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó nawọ́. Àwọn àgbà béèrè tiwọn. Ọmọbìnrin kékeré kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní ajá àwọn bí márùn-ún lánàá, tíṣà sì ní kí àwọn kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé sínú ìwé. Ó ní kí ni kí òun kọ?

Mo ní, "Kọ 'litter' sínú ìwé tíṣà. Ṣé o ti kí ajá náà?"

Ó ní rárá.